Audacity, ọkọ̀ ẹrù tó di pápá bàálù

Ọkọ̀ ẹrù Jámánì ni Audacity tẹ́lẹ̀, Hannover ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1940, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Kánádà ká a mọ́ ojú òkun Kàríbíánì. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ dáná sun ún kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n àwọn tó ká a mọ́ rí iná náà pa, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sí Jàmáíkà.

Lásìkò yẹn, ọkọ̀ abẹ́ omi àti bàálù Condor ti Jámánì ń ba àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti ohun ìjà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lójú òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ọkọ̀ náà nílò bàálù tí yóò máa dáàbò bò wọ́n lójú òkun. Bí Hannover ṣe di ọkọ̀ agbébàálù nìyẹn: wọ́n gé òkè rẹ̀ kúrò, wọ́n tẹ́ pápá pẹrẹsẹ lé e. Kò sí yàrá fún bàálù rárá. Ìta gbangba ni bàálù ogun Martlet mẹ́fà tó gbé ń sùn, nínú òjò àti ìjì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi tọ́ọ̀ṣì tún wọn ṣe lóru.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, àwọn awakọ̀ òfurufú rẹ̀ yìnbọn já Condor àkọ́kọ́ wọn bọ́. Ní oṣù Kejìlá, Audacity wà lára àwọn tó ṣọ́ ọ̀wọ́ ọkọ̀ HG 76 tó kúrò ní Gibraltar. Ọkọ̀ ẹrù méjì péré ló sọnù nínú 32, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 21, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì U-751 rì Audacity fúnra rẹ̀ sómi.

Kò lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, kí ogun tó parí, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ.