Àpò Sìmẹ́ńtì Méje

Ní ọdún 1975, ọdún tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tí ń lu dùndún bí ọmọ bíbí inú Àyàn, wàjà, ni bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó tí kò mọ̀ ju oko àti mọ́ṣáláṣí lọ, pinnu pé òun yóò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri ilé alámọ̀ wa ní Ẹdẹ. Ogún àpò ni ó ti ṣírò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tú owó tí ó dì mọ́ etí aṣọ ní ìsọ̀ ẹni tí ń tà á, àpò méje péré ni owó náà rà. Mo rántí bí ó ti na ìka tẹ ìgun àpò kan wò, tí ó ti le gbandi, tí ó wo ojú ọlọ́jà títí, tí kò sì sọ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì ń bẹ, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ. Lójú òkun Èkó ní ọdún náà, ọkọ̀ tí ó lé ní 400 ni ó tò tí kò rí àyè gúnlẹ̀ sí Àpápá, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti sìmẹ́ńtì, nítorí ìjọba Gowon ti bèèrè fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, èyí tí mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ológun, nígbà tí èbúté náà kò lè já ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Owó ìdúró ni à ń san fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, débi pé ògbólógbòó ọkọ̀ tí kò yẹ ní títù mọ́ pàápàá rí èrè nínú kí ó ṣá dúró. Sìmẹ́ńtì ń le nínú wọn, owó epo rọ̀bì sì ń ṣàn lọ.

Owó náà dé Ẹdẹ o, n kò ní purọ́. Údójì ni a ń pè é, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà tí ó bá wa pààlà gba áríà oṣù mélòó kan pọ̀, ó ra alùpùpù Honda tuntun, a sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀kọ fi rù ní Ọjà Tìmì, tí gààrí sì gbówó lórí fún ẹni tó gba áríà àti ẹni tí kò gbà. Ta ni ìbá san áríà fún àgbẹ̀? Kòkó tí ó kọ́ Cocoa House sí Ìbàdàn, tí ó sì rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti 1955, owó tí ìjọba ń fún àwọn tí ń gbìn ín nígbà náà kéré sí èyí tí ayé ń fi rà á.

Nígbà tí Murtala gbàjọba lọ́wọ́ Gowon ní oṣù Keje, tí ìwádìí sì fi hàn pé nínú gómìnà 12, Mobolaji Johnson ti Èkó àti Oluwole Rotimi ti Ìwọ̀-Oòrùn tiwa nìkan ni ọwọ́ wọn mọ́, àwọn àgbà àdúgbò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni í ti í jẹ. Èmi kò gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé ta ló gbin koríko náà.

Ojú ògiri tó kọ sí títì nìkan ni bàbá mi rí rẹ́. Òjò ṣì ń fọ amọ̀ ẹ̀yìn ilé lọ díẹ̀díẹ̀. Àpò tó ti le pátápátá nínú méje náà kò ṣeé lò fún ohunkóhun. Ìyá mi yí i lọ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó sì ń jókòó lé e tó bá ń fẹ́ná.