Ṣé Òótọ́ Ni, Tíṣà?

Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìsẹ́yìn, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé wa kò yé jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi. Àwọn ìwé ìtàn àròsọ inú rẹ̀ ti gbó, ọwọ́ ti bó èèpo wọn, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́ mọ́. Àwọn tó sọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi, ìtàn ìgbésí ayé ẹni, ìrìnàjò, iṣẹ́ ọwọ́, ẹranko, ogun, ṣì mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yìí kan náà ni, bí ẹnì kan bá dé láti ọ̀nà jíjìn tó ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, tí wọn kò ní jẹ́ kó mumi tán kí wọ́n tó yí i ká. Wọn kò kórìíra òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìdánwò ló sọ òótọ́ inú ìwé di ẹrù fún wọn.

Inú ìwé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Kà á, há a sórí, dà á sínú ìwé ìdánwò, kí o sì gbàgbé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bi ọmọ bóyá ó gba ohun tó kà gbọ́, tàbí bóyá ó bá ohun tó mọ̀ nílé mu. Nítorí náà, mo bẹ ọ̀gá wa àgbà kí wọ́n fi píríọ́dù tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Ẹtì sílẹ̀ fún èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Kò sí máàkì, kò sí pé à ń kọ nǹkan sílẹ̀. Èmi yóò máa kà, wọn yóò máa gbọ́. Ìbéèrè méjì ni wọ́n lè fi dá mi dúró nígbàkígbà: ṣé òótọ́ ni, àti báwo ni ẹni tó kọ ọ́ ṣe mọ̀?

Lẹ́tà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1837, Àjàyí, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S., ó ń ṣàlàyé bí ogun ṣe kó o. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, mo sì ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Ọdún 1821 ni, ní Òṣoògùn. Wọ́n ń gbọ́ oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn dé pé ogun ti sún mọ́ ìlú. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ ọwọ́, wọ́n sá, ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, okùn bọ́ sí wọn lọ́rùn. Nígbà tí mo dé ibi tó ti dárúkọ ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, gbogbo kíláàsì pariwo. Ìsẹ́yìn ni. Ìlú tiwa yìí. Níbí ni wọ́n ti pín wọn, tí wọ́n mú ìyá àti ọmọ ọwọ́ lọ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin.

Ọmọbìnrin kan dìde. “Tíṣà, ṣé àwọn bàbá wa ló rà á ni?”

N kò gbọ́ ìbéèrè tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ kékeré rí, n kò sì gbà pé èmi ló yẹ kí n dáhùn rẹ̀. Mo ka ohun tí lẹ́tà náà sọ nípa àwọn ajagun náà fún wọn lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè nípa èyí tó kù. Lọ́jọ́ Ajé, oríṣiríṣi èsì ni wọ́n gbé dé. Ìyá àgbà ẹnì kan ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Bàbá ẹlòmíràn ki oríkì ilé wọn títí dé ibi tí ẹṣin àti ogun wà nínú rẹ̀, ọmọ náà sì ti há a sórí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Mo rí i lójú wọn pé lẹ́tà ti di ọ̀ràn ilé.

Apá kan wà nínú lẹ́tà yẹn tí mo máa ń kà fún gbogbo kíláàsì tuntun. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ àwọn Potogí tó kó Àjàyí dúró lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn kan nínú àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ tiwọn. Ẹran kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so rọ̀. Àjàyí àti àwọn yòókù rò pé ara ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Wọ́n rí ọta àgbá nílẹ̀, wọ́n rò pé orí èèyàn ni. Wọ́n rọra sún mọ́ ọn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ẹran náà, wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n wo ọta náà dáadáa, irin ni. Bí mo bá kà á tán, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n ka ìwé báyìí: kí wọ́n sún mọ́ ọn, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá Àjàyí rí ìyá rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà náà kò lè sọ, nítorí pé ní 1837 ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gbà wọ́n lọ́kàn púpọ̀. Nínú ìtàn àròsọ, òǹkọ̀wé ti mọ ìparí kó tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, òǹkọ̀wé àti òǹkàwé jọ ń wòye ni. N kò sọ ìyókù fún wọn. Mo ní ìwé kan wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tó mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí ló gbé e lọ sílé. Ó sáré bá mi níwájú ọ́fíìsì pé, “Wọ́n ríra o! Abẹ́òkúta ni, ní 1846!” Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n yà wọ́n nípa. Ó ti ṣe ìṣirò náà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kan náà tí kò sí ohun tó jọ ọ́ lójú bí kò ṣe rédíò tó bà jẹ́. Mo fún un ní ìwé tí William Kamkwamba, ọmọ Màláwì, bá akọ̀ròyìn Bryan Mealer kọ, tó jáde ní 2009. Ìyàn mú lọ́dọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, bàbá rẹ̀ kò rí owó ilé ìwé san mọ́, ló bá ń lọ ka ìwé ní ilé ìkàwé kékeré kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dá múṣémúṣé, àwòrán inú ìwé ló fi ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ó fi férémù kẹ̀kẹ́, fáànù katakata àti páìpù ike ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, iná sì tàn nílé wọn.

Àwa àgbà fẹ́ràn ìwé yẹn nítorí ìforítì ọmọ náà, a sì máa ń fi í wàásù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mẹ́nu kan ìforítì rárá. Dáínámò ló gbé tọ̀ mí wá. Ó fẹ́ mọ ìdí tí èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ fi lè tan gílóòbù kékeré tí kò lè tan ti ilé, ó sì ti fi pẹ́ńsù ya gbogbo ẹ̀rọ náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Mo mú un lọ bá olùkọ́ físíìsì. Mo gbà pé ìwàásù tí à ń rọ mọ́ irú ìwé báyìí ni kì í jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí dáínámò jẹ́ dáínámò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ aláṣọ òfì tó dá mi dúró níbi tí ìwé kan ti sọ pé wọ́n ń rẹ òwú sányán kó tó ní àwọ̀ rẹ̀. Ó ní irọ́ ni, bí òwú náà ṣe ń ti ara ilé kòkòrò jáde ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, àlàárì àti ẹtù ni à ń rẹ. Òun ló jàre. Láti ọjọ́ yẹn, àtùpà ló kù kó máa fi ka ìwé, ó ń wá àṣìṣe kiri.

Ìbéèrè kejì, báwo ni ẹni tó kọ ọ́ ṣe mọ̀, ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Samuel Johnson. Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló ti gba púpọ̀ nínú ìtàn Yorùbá tó kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀, òun náà kú kí ìwé tó jáde ní 1921. Àwọn ọmọ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìwé lè la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá. Wọ́n wá ń fọwọ́ mú ti ilé ìwé wa bí ẹni mú ẹyin.

A kò jẹ́ àjèjì sí ìwé òótọ́. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ohun tó ń wá ni pé kí àwọn Ẹ̀gbá máa ti inú ìwé wá ìròyìn. Fágúnwà tí àwọn ọmọ mọ̀ mọ iwin àti egbére náà kọ Ìrìnàjò nípa àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jáde ní 1949, ṣùgbọ́n mélòó nínú akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ló ti gbọ́ ọ? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ó ń dùn mí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ sí i. Tí mo bá ń tú ìwé lójú ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo mọ̀ pé ọmọ tí kò sí ní kíláàsì mi kò ní ẹni tí yóò tú u fún un.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi báyìí, kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa ìsédò Ìkéré, tí kò jìnnà sí wa, tí n kò sì tíì rí ìwé kankan tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ fún ọmọdé. A ti kọ lẹ́tà pé a fẹ́ wá wò ó, kí á bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí á sì fi ohun tí a bá gbọ́ ṣe ìwé tiwa. Àwọn ọmọ ló kọ àwọn ìbéèrè, n kò fi tèmi kún un. Èyí tí wọ́n fi síwájú ni pé odò Ògùn tí wọ́n sé yìí, oko ta ni omi rẹ̀ bò, ibo sì ni àwọn olóko náà wà báyìí?