Nígbà Tí Apòògùn Ṣì Ń Jókòó sí Ìdí Káńtà

Kí Ọba Adéyínká Oyèkàn tó gorí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀ ní 1965, iṣẹ́ apòògùn ló kọ́. Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń pàtẹ bàtà ní Ìdúmọ̀tà, ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí bíi pé àlọ́ ni mò ń pa. Kábíyèsí tó wà ní Ìgá Ìdúngànràn títí di 2003, òun ló kọ́ṣẹ́ oògùn pípò? Òun ni o. Láyé ìgbà yẹn, lójú ọ̀pọ̀ òbí l'Ékòó, tí a bá yọ dókítà àti lọ́yà kúrò, kò tún sí iṣẹ́ tó ju ti apòògùn lọ. Ẹni tó bá wọ kóòtù funfun, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn sì wà lápò rẹ̀, ọmọ ọba ni, bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ń pẹja.

Èkó yìí náà ni iṣẹ́ ọ̀hún ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1887, Zacchaeus Bailey ṣí ilé oògùn sí Balógun Square, níbi tó jẹ́ pé àǹkárá àti léèsì ló gba gbogbo ojú ọ̀nà lónìí. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn tẹ̀ lé e ní 1893. Àwọn sójà ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. Nígbà tó fi máa di 1927, àwọn tó ń po oògùn ti pọ̀ tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Pharmaceutical Society of Nigeria báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì kọjá sí Yábàá ní 1930. Kì í ṣe pé ìwé-ẹ̀rí nìkan ló ń sọni di olóògùn nígbà náà o. Jacob Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, gbé Alábùkún jáde ní 1918, a ò sì tíì dẹ́kun àtimáa dà á sẹ́nu tí orí bá ń fọ́ wa.

Ohun tí mo rántí jù ni fèrèsé ilé oògùn ọsibítù. Kò ga, kò fẹ̀, irin sì wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìta Fájì tàbí Òkè Pópó ní láti mú ìgò ti ara rẹ̀ dání, ìgò bíà tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti fi omi gbígbóná ṣàn. Tí ẹni tó wà nínú bá gba káàdì, á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á yíjú sẹ́yìn, à á sì máa gbọ́ bí ọmọ odó ṣe ń lu odó kékeré. Ó lè jẹ́ mist alba ló máa bù, omi oògùn funfun tó wà fún inú tó bá dì. Ó lè jẹ́ GV aláwọ̀ àlùkò fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dégbò. Á lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò, á fi gègé fa ìlà sí i kí ìyá tí kò mọ̀wé lè rí ibi tó yẹ kí oògùn fà sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí: "Ẹ mì ín dáadáa kí ẹ tó mu ún."

Tí ọsibítù bá ti ṣíwọ́, kẹ́mísì àdúgbò ló kù. Dókítà là ń pe ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun kì í ṣe dókítà. Ìyá á gbé ọmọ wọlé, á ní: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí." Kò ní tíì fọwọ́ kan ìgò kankan. "Ìyá ọmọ, láti ìgbà wo? Ṣé ó ń mu ọmú? Ṣé ó ti tọ̀ lónìí?" Tí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Massey, ọsibítù àwọn ọmọdé, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ ibà lásán, á já Nivaquine sí méjì, á pọ́n ọn sínú bébà, á sì kìlọ̀ pé ara lè máa yún un. Ó mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń yún ládùúgbò. Ó mọ ìyá tó lóyún àti bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga. A máa ń jẹ ẹ́ lówó. Ìwé gbèsè rẹ̀ nípọn ju ìwé oògùn lọ.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára. Ìgò tí a fi omi gbígbóná ṣàn kì í mọ́ tó bí a ṣe rò. Ẹ̀rọ tó lè yẹ oògùn wò kò pọ̀, òfin náà sì ní ihò. Ní 1990, omi paracetamol tí kẹ́míkà olóró diethylene glycol wà nínú rẹ̀ pa àwọn ọmọ tó lé ní 100 ní Ìbàdàn àti Jos. Ara ohun tó mú kí ìjọba dá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, sílẹ̀ ní 1993 nìyẹn. Síbẹ̀, ní 2008, My Pikin, oògùn eyín tí wọ́n ṣe l'Ékòó níbí, tún pa ọmọ 84, kẹ́míkà kan náà ni. Dora Akunyili, apòògùn tó fi ojú ayédèrú oògùn gbolẹ̀, ṣì wà lórí àga NAFDAC lọ́dún yẹn.

Ìgbà tí oògùn tán ní ọsibítù ìjọba ní àwọn ọdún 1980 ni nǹkan yí padà pátápátá. Náírà já wálẹ̀, "kò sí" di orin ojú fèrèsé, wọ́n ń kọ orúkọ oògùn sí bébà fún aláìsàn pé kó lọ rà á níta. Ìta náà ni Ìdúmọ̀tà. Oníṣòwò tó ń ta ọ̀dà àti ìgbálẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí i pé èrè wà nínú káátọ̀nù oògùn, ó sì yà sí i. Ẹ rìn gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án, ẹ ó rí alábàrù tó ru àpótí abẹ́rẹ́ lórí nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ oxytocin tí wọ́n ń gún fún abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ya, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ooru Èkó bá ti lù ú, omi lásán ni nọ́ọ̀sì ń gún fún abiyamọ, kò sì ní mọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC àti àwọn agbófinró ti ọjà náà pa, wọ́n sì ti ti Onítshà àti Ábá pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi wà ní títì kí wọ́n tó tún un ṣí lábẹ́ àṣẹ. Kánò ti ṣe ohun tí àwa kò tíì ṣe: ní 2024 ni wọ́n kó àwọn olóògùn kúrò nínú ọjà ìgboro lọ sí ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún un ní Dangwauro, kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lè máa bójú tó o. Ti Èkó ṣì wà lẹ́nu àwọn aláṣẹ.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí. Ọ̀nà tiwọn kò ní iye. Nígbà tèmi, ọsibítù tàbí kẹ́mísì, ó parí. Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka apòògùn sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní 1980, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kà á nígbà náà. Pharm.D ọlọ́dún mẹ́fà, tí Yunifásítì Bìní kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ló ń gbòde báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, ọdún kan fún ìsìnrúùlú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà nínú wọn. Láti ìgbà tó ti sìnlú tán, kò tíì fi oògùn lé aláìsàn kankan lọ́wọ́. Surulérè ló ń gbé, orí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí, ó ń ka ìròyìn àwọn tí oògùn ṣe ní jàǹbá, ó ń tò wọ́n fún ilé-iṣẹ́ kan tó wà lókè òkun. Mo bi í pé, "Oògùn dà?" Ó ní, "Bọ̀dá mi, inú kọ̀ǹpútà ló wà, sà." Owó oṣù rẹ̀ ju ti ọ̀gá apòògùn ọsibítù lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń kọ ìwé tí wọ́n fi ń gba nọ́ńbà NAFDAC fún oògùn tuntun. Àwọn kan ń fi fóònù ta oògùn, nítorí Pharmacy Council ti ṣe òfin fún ilé oògùn orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2021. Àwọn mìíràn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn apòògùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà ní Yábàá kí wọ́n lè di kọnsọ́tántì, oyè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2020 tí àwọn dókítà kò sì fẹ́ gbọ́ títí dòní. Ẹni tó bá ní ọkàn òwò á wo Stella Okoli, apòògùn tó fi ṣọ́ọ̀bù kékeré bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1977, tí ṣọ́ọ̀bù náà sì di Emzor. Àwọn tó kù ń ṣe ẹ̀kọ́ OSPAP ní Ìlú Ọba tàbí ìdánwò ti Kánádà kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mi ò lè bá wọn jà. GSK tó ń kó Ventolin àti Augmentin wọlé tẹ́lẹ̀ kéde ní 2023 pé òun ń lọ, Sanofi tẹ̀ lé e, owó oògùn ikọ́ fée sì ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè japa, ta ni èmi tí màá dá ọmọ ẹni lẹ́kun?

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí. Kẹ́mísì ṣì pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Orúkọ apòògùn sì wà lára ògiri nínú ọ̀pọ̀ wọn, nínú férémù, pẹ̀lú fọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní "register and go": a fi ìwé-àṣẹ rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, a san owó fún un lọ́dọọdún, ó gba ibi iṣẹ́ mìíràn lọ, ọmọbìnrin tó jáde ìwé mẹ́wàá ló wá ń bi ìyá ọmọ pé, "Èwo lẹ fẹ́?" Ìbéèrè ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn. Kò sí "láti ìgbà wo", kò sí "ṣé ó ti tọ̀ lónìí". Mo mọ ìdí tí apòògùn fi ń lọ: owó ilé Erékùṣù kò ṣeé fẹnu sọ, dísù jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé fíríìjì oògùn sì ń jẹ èrè tán. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ìyá ọmọ ló ń san án.

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, bó bá ń kó ọjà oògùn kúrò ní Ìdúmọ̀tà, rántí pé èèyàn ń gbé ẹ̀yìn ọjà náà, kó wá bí apòògùn ṣe lè rí ṣọ́ọ̀bù gbà ládùúgbò wa ní owó tí apá rẹ̀ ká. Ní ti èmi àti ẹ̀yin tí à ń ra oògùn, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ẹni tó wà nínú férémù. Tí wọ́n bá ní ó jáde, ẹ ní kí wọ́n pè é lórí fóònù kí ẹ tó sanwó. Ìmọ̀ràn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.