Ohun Tí Mo Máa Ń Bi Ilé Gíga

Ní Ìwáyà níbí, létí ọ̀sà Èkó, kí wọ́n tó bi ọ́ pé àjà mélòó lo fẹ́ kọ́, ilẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ilẹ̀ wa rọ̀. Àwọn kan fi lẹ́búlẹ́bú pákó àti pàǹtí dí ẹrọ̀fọ̀ kí wọ́n tó mọ búlọ́ọ̀kù lé e. Àwọn tó wọnú omi lọ ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n kan pákó lé e lórí.

Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu kì í fi yà mí púpọ̀ tí wọ́n bá ń ka mítà ilé àwòṣífìlà. NECOM House ní Marina, àjà 32, mítà 160, ni wọ́n parí ní 1979, kò sì sí ilé tó ga tó o ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé-iṣẹ́ NET, tó ń so ìpè wa mọ́ òkè òkun, ló ni ín nígbà náà. Gíga yẹn kì í ṣe fún fáàrí nìkan: òpó orí rẹ̀ ru iná tó ń júwe èbúté fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ìyẹn wù mí.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 1983, iná sọ níbẹ̀. Ọ̀sà wà nítòsí lọ bẹẹrẹ, àmọ́ omi kì í dédé gun òkè. Àkàbà ọkọ̀ panápaná tó wọ́pọ̀ kì í ju nǹkan bíi mítà 30 lọ. Ohun tó bá kù lókè, inú ilé náà ni omi àti ẹ̀rọ tí yóò fà á gbọ́dọ̀ ti wá. Cocoa House ní Ìbàdàn, tí owó kòkó gbé dé àjà 26 ní 1965, náà jó ní 1985. Ọdún 1992 ni wọ́n tó ṣí i padà.

Ti Burj Khalifa ní Dubai, mítà 828 ni gbogbo ayé ń pariwo. Èmi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò: òpó kọnkéré tó ju 190 lọ ni wọ́n rì sílẹ̀ kó tó lè dúró. Apá mẹ́ta ni ilé náà ní, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́yìn, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń gòkè, kí afẹ́fẹ́ má baà rí i mì bó ṣe fẹ́. Àwọn tó ń ri igi sínú ọ̀sà ní Ìwáyà yóò lóye ọ̀rọ̀ òpó yẹn kíákíá.

Ní báyìí, ilé gíga Tour F ní Abidjan ti ga ju NECOM lọ fíìfíì, àwọn kan sì ń sọ pé Èkó gbọ́dọ̀ fi ilé tirẹ̀ fèsì. Kí wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé àwòrán òrùlé wá, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí yóò gbé omi dé àjà òkè hàn mí, àti ẹni tí yóò máa san owó dísù rẹ̀.