Kọ́kọ́rọ́ Inú Dẹkóda

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá mi fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó dolóògbé. Àwọn kan wá sí Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, láti ya àwọn aládìrẹ, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ màmá. Ìṣẹ́jú 11 péré ni. Màmá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, wọ́n ṣàlàyé pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ tó ń bi wọ́n léèrè pe Ìbàdàndùn ní Olókun. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Mo gbà á sílẹ̀ sínú dẹkóda mi, irú èyí tó ní háàdì dísìkì nínú, a sì ń wò ó lọ́dọọdún lẹ́yìn ìsìnkú wọn.

Lọ́jọ́ kan, àrá sán, iná ṣẹ́jú, dẹkóda náà sì kú.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe tú u palẹ̀, ó yọ dísìkì inú rẹ̀, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó wò ó títí. "Bàbá, kò sóhun tó ṣe dísìkì yìí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ ló pé síbẹ̀. Àmọ́ inú pátákó dẹkóda tó jóná yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà." Mo ní kó tún un sọ. Màmá wà níbẹ̀, mo gbé wọn lọ́wọ́, n kò sì lè rí wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí irú ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi. Ohun tí sátẹ́láìtì ń rọ̀ sílẹ̀, orí ilé gbogbo wa ló ń rọ̀ sí bí òjò: díìṣì ẹni tó sanwó oṣù ń gbà á, díìṣì ẹni tí kò san náà ń gbà á. Kí àwòrán tó gòkè lọ ni wọ́n ti dà á rú. Ìlànà ìdàrú tí àwọn ará Yúróòpù fẹnu kò lé lórí ní 1994, tí wọ́n pè ní Common Scrambling Algorithm, tàn kálẹ̀ débi pé ó wọ dẹkóda káàkiri ayé. Nọ́ńbà kan ló ń tú àwòrán náà, nọ́ńbà ọ̀hún kì í sì í pẹ́: láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Òun àti àwòrán ni wọ́n jọ ń rìn bọ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n nínú àpótí títì ló ń gùn wá, káàdì tàbí ẹ̀rọ kékeré inú dẹkóda nìkan ló sì lè ṣí àpótí yẹn. Àṣẹ láti ṣí i là ń sanwó fún lóṣooṣù. Nígbà tí dẹkóda bá sì ń gba ètò sílẹ̀ fún wa, ó tún lè fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn.

Àwọn baba wa mọ irú ọgbọ́n yìí. Láyé ìgbà wọn, ẹni tó bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ ń wí pé ọkàn òun fà sí i; bí mẹ́jọ bá padà wá, èsì ni pé ọ̀rọ̀ wọn jọ ara wọn. Ọmọ tó gbé àrokò náà lọ lè kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá lójú ọ̀nà, kó má mọ̀ ju iye ẹyọ lọ. Ṣùgbọ́n orí èèyàn ni kọ́kọ́rọ́ àrokò wà, kì í sì í ṣe orí ẹnì kan. Bí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí kò bá sí mọ́, àgbà mìíràn wà ní agboolé tí yóò gbà á, tí yóò sì túmọ̀ rẹ̀.

N kò bá ẹni tó ti ìlẹ̀kùn jà. Wọ́n ti da ìwé tèmi náà kọ lẹ́nu géètì yunifásítì, lójú mi, kọ́bọ̀ kan kò sì kàn mí. Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù, ti ké títí lórí àwọn tó ń jí fíìmù dà. Ẹni tó fi ilé àti ọ̀nà dúró kó tó rówó ya fíìmù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé kọ́kọ́rọ́ tèmi kò mọ olè yàtọ̀ sí èmi, ọmọ màmá.

Ní Norway, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jon Johansen wà lára àwọn tó gbé DeCSS jáde ní 1999, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tú ìdè tí wọ́n fi de fíìmù inú DVD. Wọ́n pè é lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ dá a láre ní 2003, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre lọ́dún kan náà: fíìmù tó fowó ara rẹ̀ rà ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó lórí ẹ̀rọ tó bá wù ú. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Àmọ́ ti Norway ni. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní 2023, fòfin de títú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún òfin náà, torí èmi gan-an wà lára àwọn tó ń dáàbò bò. Ì bá wù mí kí wọ́n pa á láṣẹ fún ẹni tó bá ń ta ohun títì pé kó fi kọ́kọ́rọ́ kejì pamọ́ síbìkan, fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá jóná tàbí tí iléeṣẹ́ bá kógbá sílé.

Ọmọkùnrin atúnṣe náà kò tíì sọ̀rètí nù. Ó ti gbé pátákó náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ n'Íkẹjà, ẹni tó mọ jíjó irin mọ́ ibi tín-tìn-tín. Ó ní wọn kò ní tú ìdè kankan. Bí iná bá tún lè wọ inú pátákó yẹn fún wákàtí kan péré, àpótí náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ìlẹ̀kùn. Mo ti ra ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé fóònù lé. Mo ti gbé e síwájú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, mo sì ti wọn bó ṣe yẹ kó jìnnà sí i tó, kí gbogbo ojú màmá lè wọ inú àwòrán.