Wọ́n Bu Owó Ìtanràn Lé Ọmọ Aláta Nítorí Pé Ó Sọ Yorùbá

Obìnrin kan wà tó ń ta ata nínú ọjà kan n'Ílé-Ifẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti sùkúù dé, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ìyá ní, "Kí ló dé?" Ọmọ ní tíṣà ní kí òun mú owó ìtanràn wá lọ́la, nítorí pé òun sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ìṣirò tí tíṣà kọ sójú pátákó ni kò yé e, ló bá rọra bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Aláta káwọ́ lérí. Ọmọ yìí kan náà ló ń bá a ṣírò owó nídìí àtẹ! Bí oníbàárà bá ra ata ₦1,650, tó na ₦2,000 sílẹ̀, kí ìyá tó ṣí àpò, ọmọ á ti ní, "Màmi, ṣéńjì wọn jẹ́ ₦350." Síbẹ̀, bí èsì ìdánwò bá dé, nínú ìṣirò ló ti máa ń kẹ́yìn.

Ìyá ní, "Ṣé ọmọ mi gọ̀ ni, àbí èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni kò gbọ́?"

Bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà wà níbẹ̀ tó ń ra ata. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Aláta, ìbéèrè tẹ́ ẹ bi yẹn, wọ́n ti náwó lé e lórí rí. Tòsí ibí náà ni wọ́n sì ti rí ìdáhùn ẹ̀, ní Mọdákẹ́kẹ́."

Ni Bàbá Tíṣà bá fìdí lé bẹ́ǹṣì, ó ń ṣàlàyé. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, mú iṣẹ́ ìwádìí lọ sí sùkúù St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú wọn. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún odindi ọdún mẹ́fà. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà o, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ ni, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ìyókù ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù.

"Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn ńkọ́, Bàbá?"

"Ibẹ̀ gan-an lowó wọ̀!" Wọ́n ní láti jókòó kọ ìwé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló gbé owó kalẹ̀. Owó ìdílé Ford tó ń ṣe mọ́tò ni wọ́n fi dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1936.

Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn ò kẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1989.

Mẹ́káníìkì kan tó ń fetí kọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán pariwo, "Òótọ́ ọ̀rọ̀! Ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì?"

Ṣùgbọ́n inú Ìyá Aláta ò tíì rọ̀. "Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń bu owó ìtanràn lé ọmọ mi?"

Bàbá Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà parí lọ́dún 1978, àmọ́ ètò ọlọ́dún mẹ́fà yẹn ò di ti gbogbo ìlú. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tún wọ́gi lé e.

"Àwọn àgbà ní àgbàtán là ń gbọ̀lẹ, bí a dá aṣọ fọ́lẹ, à pa á láró. Àwọn ará òkèèrè ti bá wa dá aṣọ. Àwa la ò pa á láró. Owó àlejò lè fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, onílé ló máa kan òrùlé, bí ilé náà bá máa tọ́jọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aláta ò fi owó ìtanràn rán ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọ̀gá sùkúù. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí ẹ̀ náà ni mo ṣe ń sanwó sùkúù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí nǹkan ò yé, ṣé kò gbọdọ̀ bèèrè ni?"

Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun fojú fo ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n òfin ṣì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí.

Ìyá Aláta ti ń ka ọjọ́. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti ní òun ń bá a lọ. Mẹ́káníìkì náà ní òun á ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Láàárín kan ná, alaalẹ́ ni ìyá àti ọmọ ń fi Yorùbá tú ìṣirò nídìí àtẹ, ọmọ á wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ìpàdé òbí ní sùkúù ọmọ tiyín ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń lọ?