Ọkọ̀ Òkun Níwájú Marina: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ojú Ọmọ Èkó Rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń tọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n lọ́nà mìíràn: oko baba tiwọn gan-an ni wọn kò tí ì dé. Omi ni ó yí Erékùṣù Èkó ká. Síbẹ̀, ọmọ lè dàgbà ní Ẹnu Ọ̀wá tàbí ní Ọfin, kí ó máa lọ sí ilé ìwé, kí ó máa bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Ìdúmọ̀tà, kí ó má sì mọ orúkọ ọkọ̀ òkun kan ṣoṣo, tàbí ohun tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá ṣe ní ìlú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin abiyamọ bá mi ká lọ sí etí omi ní oṣù yìí. Ìrìn náà kò jìnnà, kò sì ná ènìyàn lówó púpọ̀. Ojú àti sùúrù ni ó ń fẹ́.

Ní ìlú òyìnbó, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n máa ń dúró lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfurufú láti àárọ̀ di ọ̀sán, pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ ayàwòrán lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ kan bá ti balẹ̀, wọn a kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì ya àwòrán rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè pè wọ́n ní aláìníṣẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni wọ́n ń kó jọ. Ní ti àwa ará Erékùṣù, pápá ọkọ̀ òfurufú jìnnà sí wa, Ìkẹjà ni ó wà. Ọkọ̀ òkun ni Ọlọ́run gbé sí ẹnu ọ̀nà wa.

Láti Ìgá Ìdúngànrán, ẹ lè gba Ìdúmọ̀tà kọjá sí Broad Street, kí ẹ sì yà sí Marina. Bí àwọn ọmọ tilẹ̀ ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, kò yẹ kí ó gbà yín tó wákàtí kan. Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì Marina. Abẹ́ igi ni ènìyàn máa ń dúró sí láti wo ọkọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n da iyanrìn sí etí omi náà, tí wọ́n sì la títì ńláńlá sí orí rẹ̀. Ó di dandan nísinsìnyí kí a wá ọ̀nà kí a tó fojú kan omi. Àyè dára ní ẹ̀gbẹ́ CMS, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ti ń kó èrò. Bákan náà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra ní Marina, tí ó ń ré omi kọjá lọ sí ìhà Mile 2; ọmọ tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yóò rí omi láti òkè. Èyí tí ó wà ní òdìkejì ni Àpápá, níbi tí àwọn ẹ̀rọ gíga tí ń gbé ẹrù nàró bí ọrùn ẹyẹ.

Kí a tó wo àwọn ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí omi yìí ti rí. Ìtàn sọ fún wa pé Arómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin, ni ó ti Ìdó kọjá sí erékùṣù yìí láti pẹja àti láti gbin ata, àti pé orí ilẹ̀ oko ata náà ni Ìgá wà títí di òní. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ti omi. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Potogí dé, òwò ẹrú sì sọ omi Èkó di omi ẹkún.

Ní 1821 ni ogun kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣóògùn, tòun ti ìyá rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n nípa, wọ́n sì ń ta ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní 1822 ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí níhìn-ín. Ọkọ̀ náà kò tí ì jìnnà nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á, tí wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Àjàyí yìí ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ìyá rẹ̀ kò tún fojú kàn án títí di 1846, nígbà tí wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ ro ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wò.

Ní òpin ọdún 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní oṣù kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà nínú omi wa nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni ó gbé àwọn ọmọ wa padà wálé. Àwọn Sàró ti ìhà Freetown dé, àwọn Àgùdà sì ti Brazil dé. Ilé tí a mọ̀ sí Ilé Omi ní òpópónà Kakawa, ilé àwọn da Rocha, jẹ́ ẹ̀rí ìpadàbọ̀ náà. Ẹ lè fi han àwọn ọmọ bí ẹ ti ń lọ.

Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó rárá. Yanrìn ti gbárí jọ sí ẹnu òkun, ìgbì sì ń ru lórí rẹ̀. Forcados ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń já ẹrù Èkó sí, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó kó o wá. Láti 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun, òkúta tí wọ́n fọ́ ní Arò lẹ́bàá Abẹ́òkúta tí rélùwéè sì gbé wá, kí agbára omi lè máa gbá yanrìn náà lọ. Ní 1914, ọkọ̀ òkun ńlá wọlé. Ní 1926, wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn ní Àpápá. Iṣẹ́ òkúta yìí ni ó sọ Èkó di olórí èbúté ilẹ̀ wa.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó ti kọjá níwájú Marina, bóyá ni a rí èyí tí àwọn àgbà ń rántí tó Aureol, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster. Ọkọ̀ funfun ni, ọ̀pá èéfín rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí awọ ìbẹ́pẹ. Ní 1951 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Liverpool àti Èkó, ìrìn bí ọjọ́ mẹ́tàlá. Akẹ́kọ̀ọ́ bá a lọ, nọ́ọ̀sì bá a lọ, ìyàwó tí ń lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù bá a lọ. Ẹbí a sì kó jọ ní èbúté, àwọn kan pẹ̀lú ìlù, àwọn kan pẹ̀lú omijé. Ẹni tí ó bá ní ìyá àgbà nílé, kí ó bi í léèrè. Ó ṣeé ṣe kí ó ti dúró níbẹ̀ rí. Nígbà tí ó fi di 1974, ọkọ̀ òfurufú ti gba èrò lọ́wọ́ Aureol, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ nígbà náà nìkan ni wọ́n ní i lónìí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1975, ọ̀ràn mìíràn ṣẹlẹ̀. Ìjọba ti ra sìmẹ́ńtì tí ó tó bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, láìro bí èbúté yóò ti gbà á. Ọkọ̀ tí ó lé ní irínwó wá tò sí ojú òkun Èkó, wọ́n ń dúró de àyè. Òmíràn dúró fún oṣù púpọ̀ tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ fi bàjẹ́. Nínú ìdààmú yìí ni wọ́n fi yára kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Ìyàwó ilé tí ó mọ bí àyè inú ìṣasùn òun ti tó kí ó tó lọ sí ọjà mọ ohun tí àwọn ìjòyè ìgbà náà gbàgbé.

Ó kù kí a kọ́ bí a ti ń ka ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wá orúkọ ọkọ̀. Ó wà ní imú rẹ̀ lápá méjèèjì, ó sì tún wà ní ìdí. Lábẹ́ orúkọ tí ó wà ní ìdí ni a kọ ìlú tí ọkọ̀ náà ti gba ìwé sí. Ẹ ó máa rí Monrovia, Panama, Majuro, Valletta. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ ti ará ibẹ̀. Àwọn olówó ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ń lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí owó orí tí kò pọ̀ àti òfin tí kò le. Ìdí nìyí tí Làìbéríà, orílẹ̀-èdè kékeré, fi wà lára àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ jù lọ lórí ìwé. Ọkọ̀ lè yí orúkọ padà bí wọ́n bá tà á, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹlẹ́yọ méje kan wà tí lẹ́tà IMO ṣíwájú rẹ̀. Nọ́ńbà yìí dà bí ilà ojú: kò sí ọkọ tuntun tí ó lè pa á rẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ wo àsíá. Àsíá ìlú tí ọkọ̀ ti gba ìwé máa ń wà ní ìdí. Àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun tiwa a sì wà lókè, láti fi bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó gbà á lálejò. Bí àsíá tí ó jẹ́ ìdajì funfun àti ìdajì pupa bá gòkè, ẹni tí ó mọ ọ̀nà omi Èkó ti wọ inú ọkọ̀ láti tọ́ ọ sọ́nà. Àsíá pupa lásán ń kìlọ̀ pé ẹrù eléwu wà nínú rẹ̀, bí epo bẹntiróòlù.

Kí ó tún wo ara ọkọ̀. Bí ó bá ga sókè tí ọ̀dà pupa ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn, ó ti já ẹrù. Bí ó bá rì wọlẹ̀, ẹrù wà níkùn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín ni àmì róbótó kan wà tí ìlà là á já. Omi kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Samuel Plimsoll, aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó jà fún un nítorí àwọn olówó tí wọ́n ń di ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ tí àwọn atukọ̀ sì ń bómi lọ. Ní 1876 ni ó di òfin níbẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ńlá ayé ni ó ń lò ó lónìí.

Láti ibi ìrísí ọkọ̀, ẹ lè dé inú ilé ìdáná. Èyí tí páìpù kún orí rẹ̀ gbé epo. Èyí tí àpótí irin aláràbarà tò sórí rẹ̀ bí ilé alájà gbé aṣọ, oògùn, bàtà àti ohun èlò ilé. Èyí tí inú rẹ̀ jìn tí ó sì lọ gbé àlìkámà wá fún àwọn ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ní Àpápá, tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ níbẹ̀ láti 1962. Búrẹ́dì tí ọmọ jẹ kí ó tó jáde nílé ti rin omi kí ó tó dé orí tábìlì yín. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lójú omi, tàbí bí owó náírà bá rẹlẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́jà.

Ní ti àwòrán yíyà, òwúrọ̀ ni ó dára jù. Oòrùn a wà lẹ́yìn yín, yóò sì tan ìmọ́lẹ̀ sára àwọn ọkọ̀ tí ó wà ní ìhà Àpápá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn wọn ni oòrùn ń wọ̀ sí, wọn a sì dúdú bí òjìji. Ìyẹn náà lẹ́wà. Ìgbà ọyẹ́ kì í fi ohun tí ó jìnnà hàn dáadáa. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ọkọ̀ àti ìlú rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára. Ọgbà èbúté kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, ibùdó àwọn ológun ojú omi sì wà ní Àpápá. Ẹ má ṣe ya ológun, ọkọ̀ ogun, ẹnu ọ̀nà èbúté tàbí àwọn aṣọ́nà. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀ tí ó ní àṣẹ, ẹ kí i, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sójú. Ẹ di ọmọ mú lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó sún mọ́ etí omi. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ kéékèèké lọ sí òdìkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ wọ ti àgbà.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ni wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kì, tí omi rẹ̀ jìn ju ti Àpápá lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi jù ń lọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye ọdún tí ọkọ̀ ńlá yóò tún máa kọjá níwájú Marina. Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé kan tí ilẹ̀ bá mọ́ tí òjò kò ṣú, ẹ fi oúnjẹ sínú agbọ̀n, ẹ mú omi mímu àti ìwé kan dání, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ kí èyí tí ó ti mọ̀wé ka orúkọ ọkọ̀ sókè, kí èyí tí kò tí ì mọ̀wé ka iye àpótí. Bí wọ́n bá délé, ẹ bá wọn wá ìlú náà nínú àwòrán ayé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ lọ ní àlàáfíà, kí ẹ sì bọ̀ ní àlàáfíà.